Níbo ni Aso Wà?

Àbúrò kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí, tí ó ń bójú tó yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ girama kan báyìí, ni ó gbé iṣẹ́ kan fún mi. Ó ní owó díẹ̀ wọlé fún wọn láti fi ra ìwé, òun sì fẹ́ kí n bá òun yan ogún ìwé ìtàn ìwáṣẹ̀ àti àlọ́ láti káàkiri ayé, èyí tí ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́rìndínlógún lè kà. Mo rò pé iṣẹ́ wẹ́rẹ́ ni. Kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ti kọ ọ́ tán. Ìwé mẹ́ta lórí àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìsì, méjì lórí ti àwọn ará àríwá Yúróòpù, Grimm, Andersen, Ẹgbẹ̀rún Òru àti Òru Kan, Íńdíà, Ṣáínà, Jàpáànù, Íjíbítì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo kọ ìwé kan sí tí àkọlé rẹ̀ ní àlọ́ Áfíríkà ni òun.

Àbúrò wo ìwé náà lọ, ó wò ó bọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Jámánì ní ìwé tirẹ̀. Gíríìsì ní mẹ́ta. Ṣé abúlé kan ṣoṣo ni Áfíríkà ni?"

Ojú tì mí. Èmi tí mo ti ń bá ènìyàn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún gbọọrọ! Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ ohun tí ó ti mọ́ ọn lára. Àṣà kíkó gbogbo ilẹ̀ yìí sínú ìwé kan kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ní 1921, akéwì Blaise Cendrars tẹ ìwé kan jáde ní Paris tí ó pè ní Anthologie nègre. Inú ìwé àwọn míṣọ́nnárì àti ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ni ó ti ṣa àwọn àlọ́ náà jọ. Ìwé náà gbayì, ó sì wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, n kò ní bú u. Ṣùgbọ́n irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ wa láti máa rò pé orílẹ̀-èdè mìíràn ní ìtàn, àwa ní ẹ̀kúnwọ́ kan.

Mo mú ìwé kan ṣoṣo tí mo fi sí ìsàlẹ̀ yẹn láti orí àtẹ, kí n tún un kà. Àlọ́ Ananse ni ó wà níwájú. Ìtàn náà kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé ní Ghánà rí. Nyame, ọba òkè, ni ó ni gbogbo àlọ́ ayé. Ananse aláǹtakùn lọ bá a pé òun fẹ́ rà wọ́n. Nyame dá iye lé e: kí ó mú Onini erè wá, kí ó mú Osebo ẹkùn wá, kí ó mú Mmoboro, ìyẹn ọ̀wọ́ agbọ́n tí ń ta ènìyàn, kí ó sì mú Mmoatia iwin. Ananse kó gbogbo wọn dé, ó tún fi ìyá tirẹ̀ ṣe èènì. Ìdí nìyẹn tí àwọn Akan fi ń pe àlọ́ ní anansesem, ọ̀rọ̀ Ananse.

Mo ti mọ ẹ̀dà kan ṣáájú, èyí tí R. S. Rattray tẹ̀ jáde ní 1930 nínú ìwé Akan-Ashanti Folk-Tales. Nínú ẹ̀dà yẹn, Ananse kò dá ọgbọ́n náà dá. Nígbà tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Nyame tán, ilé ni ó lọ, ó bá Aso ìyàwó rẹ̀, ó ní báwo ni a ó ti ṣe mú erè. Aso ni ó ní kí ó lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ kan, kí ó sì já ìtàkùn wá. Ananse gbé e dé ibi tí erè wà, ó ń bá ara rẹ̀ jiyàn lóhùn òkè pé imọ̀ yìí gùn ju erè lọ, irọ́ ni, kò gùn jù ú lọ. Erè gbọ́, ó ní kí ló dé tí o kò fi wá wọ̀n mí wò. Bí wọ́n ṣe dè é mọ́ imọ̀ láti orí dé ìrù nìyẹn. Ti agbọ́n náà, Aso ni. Ó ní kí ọkọ òun wá akèrègbè, kí ó pọn omi sínú rẹ̀. Ananse da omi sí àwọn agbọ́n lára, ó da ìyókù sí ara rẹ̀, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ borí, ó ní òjò dé o, ẹ tètè sá wọ inú akèrègbè yìí. Wọ́n wọlé, ó dé e.

Nínú ìwé tí mo fẹ́ rà fún àwọn ọmọ, kò sí Aso. Ananse jókòó, ó ronú, ó dìde. Mo fa òmíràn yọ, ìwé aláwòrán fún ọmọdé, kò sí níbẹ̀ náà. Ẹ̀kẹta dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ni ó ń sè.

N kò sọ pé ti Rattray nìkan ni òtítọ́. Àlọ́ kò ní ẹ̀dà kan ṣoṣo. Ẹni tí ń pa á ní ẹ̀yìn odi Kumasi lálẹ́ òní lè gbàgbé Aso kí ó sì rántí rẹ̀ lọ́la. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé kì í rántí lọ́la. Ohun tí a bá yọ nínú ìwé, ó yọ náà nìyẹn, títí ẹnìkan yóò fi fi ìwé mìíràn tì í. Rattray, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ni, n kò sì ní ìdí láti máa yìn ín kọjá bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ó tẹ Twi sí ojú ìwé kan, ó tẹ Gẹ̀ẹ́sì sí èyí tí ó kọjú sí i. Ẹni tí ó bá gbọ́ Twi lè yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè bá a jiyàn.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wo ìwé àlọ́ kí n tó san owó: níbo ni Aso wà? Ìyẹn ni pé, ta ni ó dá ọgbọ́n inú rẹ̀, ta ni ó pa á, ta ni ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò?

Ẹ jẹ́ kí n mú Aladdin. Bí ẹ bá ní kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Dakar tàbí ní Kánò dárúkọ ìtàn kan nínú Ẹgbẹ̀rún Òru àti Òru Kan, Aladdin ni yóò dárúkọ, tàbí Ali Baba. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì nínú ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá tí Antoine Galland ń túmọ̀ sí èdè Faransé. Apá méjìlá ni ìtumọ̀ rẹ̀ fi jáde, láti 1704 títí di 1717, ìtàn sì tán nínú àfọwọ́kọ ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí àwọn òǹkàwé ṣì ń béèrè òmíràn. Ní 1709, ó pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Paris, Hanna Diyab, ọmọ Aleppo ní ilẹ̀ Síríà, Kristẹni ìjọ Maronite, tí arìnrìn-àjò kan tí ń jẹ́ Paul Lucas mú wá sí ilẹ̀ Faransé. Diyab ń pa ìtàn, Galland ń kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Aladdin ti wá, ibẹ̀ ni Ali Baba ti wá. Nígbà tí wọ́n jáde nínú ìwé, orúkọ Diyab kò sí níbẹ̀.

Ó padà sí Aleppo, ó ń ta aṣọ. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ ìtàn ìrìn-àjò rẹ̀ sílẹ̀. Ilé-ìkàwé Vatican ni ìwé náà wà. Ó mẹ́nu ba bàbá àgbàlagbà kan tí ń túmọ̀ ìwé ìtàn ní Paris, tí ìtàn rẹ̀ kò pé, tí òun sì pa díẹ̀ fún kí ó lè pé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó bá aládùúgbò wá nǹkan tí ó sọnù. Ó tún sọ bí Lucas ti mú òun lọ sí Versailles, tí òun sì dúró níwájú ọba Louis Kẹrìnlá. Ẹ rántí ta ni Aladdin: ọmọ aránṣọ tí kò ní bàbá mọ́, tí ó dédé rí ara rẹ̀ láàárín ọrọ̀ ààfin. Láti kékeré ni mo ti mọ ìtàn yẹn, n kò sì kà á sí nǹkan kan ju àtùpà àti àǹjọ̀nú lọ. Ọjọ́ tí mo gbọ́ nípa Diyab ni mo tún un kà, mo sì rí i pé ẹnìkan wà nínú rẹ̀ tí ń wo ilé olówó láti ẹnu ọ̀nà.

Ti Grimm kò gùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Jacob àti Wilhelm ń ti abúlé dé abúlé lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó pa àlọ́ fún wọn jẹ́ ọmọbìnrin ilé olóyè ìwé ní ìlú Kassel, àwọn ọmọ Hassenpflug wà lára wọn, tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí àwọn Grimm yìn jù lọ, Dorothea Viehmann, ìyàwó aránṣọ ni, ó ń kiri irè oko, òun náà sì ní ìran Faransé. Àlọ́ Jámánì pọ́ńbélé nìyẹn! Ohun tí ó dùn mí jù kọ́ nìyẹn, síbẹ̀. Nínú ẹ̀dà ti 1812, ìyá tí ó bí Snow White ni ó ní kí wọ́n lọ pa á. Nígbà tí ó fi máa di ẹ̀dà ti 1819, ìyá náà ti kú nígbà ìbí, ìyàwó bàbá ni ó di apànìyàn. Wọ́n fẹ́ gba orúkọ ìyá là. Lọ́dọ̀ wa níbí, níbi tí ìyàwó bàbá ti jẹ́ ènìyàn gidi tí ń bu oúnjẹ fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ìyípadà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn ọmọ tí yóò ka ìwé yìí, mélòó nínú wọn ni yóò ti ọwọ́ ìyàwó bàbá gba oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà?

Títí dé ibí yìí, ìbéèrè mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Zaria ni ó ti fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọdún tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ níbẹ̀, olùkọ́ àgbà kan máa ń ka Magana Jari Ce fún àwa tí a bá jókòó lẹ́yìn ìrun alẹ́. Hausa mi kò tó nǹkan nígbà náà. Yóò kà á, yóò rẹ́rìn-ín tán, kí ó tó rántí túmọ̀ rẹ̀ fún èmi. Àkọlé náà ní ọ̀rọ̀ ni ojú owó, ìyẹn owó tí ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ òwò. Abubakar Imam, ọmọ Kagara, tí a bí ní 1911, ni ó kọ ọ́ ní apá mẹ́ta ní ìparí àwọn ọdún 1930. Ó ti kọ Ruwan Bagaja ṣáájú, fún ìdíje tí Rupert East, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìtumọ̀ ìjọba ní Zaria, ṣètò ní 1933. Ìdíje yẹn náà ni ó bí Shaihu Umar, ìwé Abubakar Tafawa Balewa, ẹni tí ó di olórí ìjọba Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ Imam wu East, ó gbà á láti ibi tí ó ti ń kọ́ni ní Katsina, ó kó ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti ti Lárúbáwá síwájú rẹ̀, ó ní kí ó kà wọ́n, kí ó sì sọ èyí tí ó bá wù ú di ti Hausa. Lára ibi tí Imam ti mú ìtàn ni Grimm, Andersen, Ẹgbẹ̀rún Òru àti Òru Kan, àti Decameron ti Boccaccio ará Ítálì. Iṣẹ́ tí àbúrò gbé fún mi gan-an nìyẹn, àfi pé Imam ṣe tirẹ̀ dáadáa.

Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ti Íńdíà wá. Ìwé Sanskrit kan wà níbi tí ẹyẹ odídẹrẹ́ ti pa àádọ́rin ìtàn; ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, Nakhshabi kọ ti Páṣíà, ó pè é ní Tuti-nama. Nínú wọn, ọkọ rìnrìn-àjò, ìyàwó fẹ́ jáde lọ bá àlè lálẹ́, odídẹrẹ́ sì ń pa ìtàn fún un títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Imam mú ẹyẹ, ó fi ìyàwó sílẹ̀. Nínú tirẹ̀, ọmọ ọba ni, Musa, tí ó fẹ́ tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sójú ogun, Aku odídẹrẹ́ sì ń fi ìtàn fà á sẹ́yìn lálaalẹ́. (Àwa Yorùbá ń pe ẹyẹ náà ní ayékòótọ́. Nígbà tí Imam di olóòtú ìwé ìròyìn ní 1939, orúkọ ìwé ìròyìn náà ni Gaskiya Ta Fi Kwabo, òtítọ́ níye lórí ju kọ́bọ̀ lọ.)

Bí mo bá fi òṣùwọ̀n mi wọn Imam, ó ṣubú. Kò kọ ọ́ sí abẹ́ ìtàn pé ibí ni mo ti mú un. Obìnrin tí ó wà ní ìdí àgbékalẹ̀ náà, ó yọ ọ́. Aso sọnù níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí wá ni kí n ṣe? Kí n yọ ìwé tí ó dùn mọ́ mi jù lọ kúrò nítorí òfin tí mo fúnra mi ṣe?

Mo rò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tí ó bu omi nínú òkun àti ẹni tí ó bu omi nínú ìkòkò opó, ìṣe wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Kò sí ẹni tí ó gbàgbé Grimm nítorí ohun tí Imam ṣe ní Zaria. Ìwé wọn wà ní gbogbo ilé-ìwé tí ìjọba amúnisìn kọ́. Ṣùgbọ́n Galland bu ti Diyab, ayé sì gbàgbé Diyab fún igba ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Imam kò sì pe tirẹ̀ ní ìtàn Jámánì láti fi ta á. Ó gbé e wọ ọjà Hausa, ó fún un ní mọ́láàmù, ní alágbe, ní sàráàkí àti òwe, ó di ohun tí bàbá lè kà fún ọmọ láìsí pé ó ń túmọ̀. Ọ̀nà náà kò sì ṣàjèjì. Ní ọ̀rúndún kẹjọ ni Ibn al-Muqaffa ti sọ àwọn ìtàn ẹranko Íńdíà di Kalila wa Dimna ní èdè Lárúbáwá. Àwọn ìtàn yìí ti ń rìn kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Zaria. Àwọn Hausa pẹ̀lú kò sì ṣófo kí East tó dé. Ní 1911 sí 1913, Frank Edgar ti tẹ apá mẹ́ta àlọ́ Hausa jáde ní Belfast, ní Hausa, ní 1913 kan náà sì ni Rattray yìí tẹ ìwé tí Malam Shaihu fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní àjàmì.

Síbẹ̀, n kò ní parọ́, ìyàwó yẹn ń dùn mí. Mo lè fojú inú wo ìdí rẹ̀: ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni, ta ni yóò fẹ́ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìtàn àlè? Ṣùgbọ́n ìtàn obìnrin tí ó ń gbọ́rọ̀ tí ó sì ń ṣèpinnu lóru kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ìtàn kan náà pẹ̀lú ti ọmọkùnrin tí ó ń fẹ́ ogun. Nítorí náà, mo fi Imam sí àkójọ, mo sì fi Tuti-nama tì í, fún àwọn tí ó bá dàgbà díẹ̀.

Bí mo ṣe wá ń yan gbogbo ìyókù nìyẹn, ní méjì-méjì níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Soundjata ti Djibril Tamsir Niane, 1960, kò fún mi ní wàhálà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Niane ti sọ fún wa pé ẹnu Djeli Mamoudou Kouyaté, arọ́kin ní Djeliba Koro ní ilẹ̀ Guinea, ni òun ti gbọ́ ọ. Aso inú rẹ̀ náà kò sọnù: Nana Triban, ọmọ bàbá Sundiata lóbìnrin, wà lára àwọn tí ó mú àṣírí agbára Soumaoro wá fún un. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bá Niane jà sí ni pé Faransé nìkan ni ó tẹ̀. Kò sí Mandinka nínú ìwé yẹn. Rattray fún wa ní èdè, Niane fún wa ní orúkọ. Birago Diop pẹ̀lú, oníṣègùn ẹranko ọmọ Senegal, gbé orúkọ arọ́kin rẹ̀ sára ìwé ní 1947: Les Contes d'Amadou Koumba.

Gíríìsì ṣẹ́ ku ọ̀kan. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí èyí.

Ìwé tí ó ṣòro jù lọ ni ti Joel Chandler Harris, oníròyìn aláwọ̀ funfun ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Brer Rabbit jáde nínú ìwé ní 1880. Àwọn àlọ́ inú rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n kó lẹ́rú ni ó ti gbọ́ wọn, ó sì fi wọ́n sí ẹnu bàbá kan tí kò sí láyé rí, Uncle Remus, ẹrú àná tí kò ní ẹ̀hónú kankan. Mo ń bínú bí mo ti ń kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ehoro lẹ̀ mọ́ ère ọ̀dà yẹn, tí ó gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ tí ẹ̀ṣẹ́ kò sì kúrò, mo dìde lórí àga. Èyí ni wọ́n fi mú Ìjàpá wa nínú oko. Àtè kan náà ni Ananse pa mọ́ ọmọlangidi, tí ó gbé iṣu gígún síwájú rẹ̀, tí Mmoatia fi lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnìkan gbé àlọ́ yìí kọjá òkun nígbà tí kò lè gbé nǹkan kan dání.

Mo fi sí i. Owó wọn kò ká ogún ìwé mọ́ nígbà tí ọjà gbówó lérí, méjìlá ni wọ́n rí rà, Harris sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí àbúrò ń kọ káàdì wọn, ó pè mí lórí fóònù pé kí ni kí òun kọ sí ibi orúkọ òǹkọ̀wé. Fún Aladdin, a fẹnu kò: Hanna Diyab, lẹ́yìn náà Antoine Galland. Fún ti Harris, ó kọ Harris, ó sì fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo lókè rẹ̀.